Kí A Tó Fọwọ́ Kan Nọ́ńbà

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi fi kún un. Atẹ́gùn inú rẹ̀ kò tó."

Bàbá kò tíì jókòó tán tí wọ́n fi sọ ọ́. Ọmọ wọn obìnrin gbé àpò ẹ̀rọ náà lé tábìlì mi, ó wojú mi, ó mí kanlẹ̀. Ó hàn pé àràárọ̀ ló ń gbọ́ gbólóhùn yẹn láti bí oṣù kan ààbọ̀. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá, ọmọ Abẹ́òkúta, wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ yìí ní Houston. Nígbà tí a yẹ oorun wọn wò, ìgbà 42 ni èémí wọn ń dá tàbí tó ń fà sẹ́yìn láàárín wákàtí kan. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó 5, a ò ní pè é ní aláìsàn. Tó bá ti kọjá 30, ó ti le nìyẹn. Dókítà kọ ẹ̀rọ CPAP, tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú máàsìkì lọ sí ọ̀fun, fún wọn, ẹ̀rọ dé, wọ́n sì ń gbé e sójú. Àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ ní wákàtí méjì ó lé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n ń lò ó lóru, kí wọ́n tó bọ́ ọ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Nínú wákàtí méjì yẹn pàápàá, èémí ṣì ń dá nígbà 14 ní wákàtí kan.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń bá àwọn tí èémí wọn ń dá lójú oorun tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Àtòyìnbó, àtènìyàn dúdú, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: ẹ fi kún un. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, iyọ̀ là á fi sí i; ààrò tí kò jó, igi là á kó mọ́ ọn. Wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni atẹ́gùn.

Mi ò fọwọ́ kan nọ́ńbà kankan. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀ ọ́ bí ẹ ṣe máa ń wọ̀ ọ́ nílé." Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n gbé máàsìkì sójú, wọ́n fa okùn rẹ̀ le bí ẹni tó ń di ẹrù sẹ́yìn ọ̀kadà. Lórí ìjókòó, kò sí ohun tó ń jò. Mo wá ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tó wà nínú yàrá kejì, kí wọ́n kọjú sókè, mo sì tan ẹ̀rọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbàlagbà kì í dúró sójú kan. Bí wọ́n ṣe fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, ẹran ojú á ṣàn lọ sọ́nà etí. Máàsìkì yẹ̀, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í sú fììì láti ẹ̀gbẹ́ imú bọ́ sínú ojú ọ̀tún wọn. Mo fi ìka kan ibi tí rọ́bà ti yẹ kó lẹ̀ mọ́ra. Ìka mi yọ̀ bọ̀rọ́.

"Bàbá, kí lẹ fi pa ojú?"

"Òrí ni. Ṣé kí n sùn láìfi nǹkan pa ojú, nínú AC ilẹ̀ yìí?"

Ọmọ wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí ìyá tó bí mi náà kì í sùn láìfi òrí para. Ìwé tó ń bá ẹ̀rọ wá kò dárúkọ òrí. Ó ní kí èèyàn fọ ojú, kí ó má lo ìpara, ojú ẹni tó kà á sì kọjá lọ, nítorí lọ́kàn tiwa òrí kì í ṣe ìpara, òrí ni. Fasilíìnì tilẹ̀ burú jù ú lọ, díẹ̀díẹ̀ ló ń ba rọ́bà náà jẹ́. Mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n fi òrí pa gbogbo ara tó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ojú kí wọ́n tó gbé máàsìkì sí i, kí wọ́n sì máa fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ rọ́bà náà láràárọ̀. Mo pààrọ̀ máàsìkì sí èyí tó kéré sí i. Mo tún okùn rẹ̀ dẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ìdùbúlẹ̀ tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, nítorí orí ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ti máa lò ó. Okùn tí a bá fà le jù a máa ká rọ́bà náà ní ìkákúkáá, á sì máa jò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, yàtọ̀ sí egbò tó máa dá sí egungun imú.

Inú Bàbá ò dùn. Wọ́n wá gba atẹ́gùn, mo fún wọn ní ọṣẹ.

Ike omi kan wà lórí tábìlì mi tí mo fi rúlà sàmì sí lára. Mo máa ń ki sítírọ́ọ̀ bọ inú rẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ á fi wọ omi ní sẹ̀ǹtímítà 4, màá ní kí ẹni náà fẹ́ ẹ kí omi hó. Kò le rárá. Màá rì í dé 10, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú. Màá rì í dé 20. Ohun tí nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ ń wí kò ju ìyẹn lọ: bí omi tí atẹ́gùn náà lè tì ṣe jìn tó. Láti 4 dé 20 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ CPAP ń fẹ́. Bàbá fẹ́ ti 20 lẹ́ẹ̀kan, ojú wọn ràn, wọ́n gbé ike náà sílẹ̀. Wọ́n ní, "Èyí ti tó."

Ọ̀nà ọ̀fun tó wà lẹ́yìn ahọ́n kò ní egungun tó gbé e ró, ẹran rírọ̀ ni. Tí a bá lajú, iṣan ló ń fà á ṣí. Bí oorun bá wọra, iṣan á dẹ̀, ahọ́n á ṣubú sẹ́yìn, ọ̀nà á dí. Igbá àyà ń fà, nǹkan kan ò wọlé, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ń lọ sílẹ̀, títí ọpọlọ á fi ta gìrì tí á jí onítọ̀hún díẹ̀ kó lè mí "háà!", kó tó tún sùn padà. Ó gbọ́dọ̀ dá tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ká tó kà á sí ọ̀kan. Ìyàwó Bàbá tó wà nílé ti máa ń gbọ́ "háà" yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní àwọn rò pé àwọn ọ̀tá ló ń fún ọkọ àwọn lọ́rùn lóru, ogun òru, wọ́n sì ti gbààwẹ̀ sí i. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí àdúrà. Mo kàn ní kí wọ́n máa gbà á lọ, kí Bàbá sì máa wọ máàsìkì.

Ohun tí atẹ́gùn ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń gbé ọ̀nà ọ̀fun ró kó má wó, bí igi tí a fi ti ògiri. Dókítà ọmọ Ọsirélíà kan tó ń jẹ́ Colin Sullivan ló kọ́kọ́ dán an wò ní Sydney ní 1980. Kí ó tó dìgbà náà, àwọn tí tiwọn le jù, ọrùn ni wọ́n ń dá ihò sí fún wọn kí wọ́n lè máa mí gba ibẹ̀. Mọ́tò irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbálẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì ni Sullivan lò, èyí tó ń fa atẹ́gùn sínú, ó wá dojú rẹ̀ kọ ìta kó lè máa fẹ́ ẹ. Ní 1981 ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Ènìyàn márùn-ún péré ló lò ó fún, agbára tó sì lò kò kọjá 4.5 sí 10. Mo máa ń rántí márùn-ún yẹn bí ẹnìkan bá ń bẹ̀ mí pé kí n gbé tirẹ̀ sí 18.

Ẹ̀rọ òde òní lọ́gbọ́n ju ti Sullivan lọ, ó ń yí agbára ara rẹ̀ padà lóru. Bí ó bá rí i pé ọ̀nà ọ̀fun fẹ́ dí, á gbéra sókè. Bí ọ̀nà bá là, á rọra sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gba inú páìpù kọjá nìkan ló mọ̀. Tí máàsìkì bá ń jò, kò mọ èyí tó jẹ́ èémí yàtọ̀ sí èyí tó ń sá lọ. Nígbà mìíràn á gbéra sókè nítorí jíjò, gígbéra náà á tún mú kó jò sí i, ariwo á jí onítọ̀hún, á bọ́ ọ sọnù ní aago méjì òru. Àkọsílẹ̀ á wá sọ pé agbára tó ń lò ti ga. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà yẹn láìka ti jíjò tó wà lábẹ́ rẹ̀ á ní kí a tún fi kún un. Èmi kì í ka ìlà agbára rárá títí n ó fi ka ìlà jíjò.

Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́ pé fífi kún un lè ṣe èèyàn ní jàǹbá.

Ọdún kejì mi nínú iṣẹ́, ní ibì kan tí mo ti kúrò, mo ń ṣọ́ obìnrin kan lóru. Ó sùn sínú yàrá pẹ̀lú wáyà lórí àti bẹ́líìtì láyà, èmi wà nínú yàrá kejì níwájú kọ̀ǹpútà, mò ń yí agbára ẹ̀rọ láti ibẹ̀. Ó hanrun díẹ̀, mo fi 1 kún un. Ó tún hanrun, mo tún fi 1 kún un. Nígbà tí mo dé 14, ìhanrun tán. Lẹ́yìn náà èémí bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ́tun. Mo ní áà, kò tíì tó. Mo lọ sí 16, mo lọ sí 18. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ikùn obìnrin náà le bí ìlù, ó ń gùfẹ̀, kò lè dìde tààrà. Atẹ́gùn ti ya lọ sínú ikùn rẹ̀.

Dókítà tó wá ka iṣẹ́ mi kò pariwo. Ó kàn fi bírò tọ́ka sí ìlà méjì tó ń sọ bí àyà àti ikùn ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Kí n tó dé 11, nígbàkígbà tí èémí bá dá, àyà ń jà. Lẹ́yìn 14, tí èémí bá dá, ìlà méjèèjì dúró gbọnrangandan. Àyà kò jà mọ́. Ọ̀nà ọ̀fun ti là, ọpọlọ ni kò pàṣẹ pé kí ó mí mọ́. Èmi ni mo fa ìyẹn. Nǹkan tí mo rò pé mò ń wò sàn, mo ti wò ó sàn láti 11.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ tuntun fi máa ń ya oríṣi méjèèjì sọ́tọ̀ nínú àkọsílẹ̀. Tí èémí bá dá, á fi atẹ́gùn wẹ́wẹ́ kan ọ̀nà ọ̀fun bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, á wá wò ó bóyá ilẹ̀kùn tì tàbí ó ṣí sílẹ̀. Bí iye èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bá ń pọ̀, ọ̀dọ̀ dókítà lọ̀rọ̀ ń lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ inú ètò ẹ̀rọ. Ọkàn tó rẹ̀ lè máa fa irú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó tún lágbára jù wà tí wọ́n ń pè ní ASV, tó máa ń bá èèyàn mí tí ọpọlọ bá gbàgbé. A rò pé ire ni títí ìwádìí SERVE-HF fi jáde ní 2015: lára àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ tí kò ta ẹ̀jẹ̀ dáadáa mọ́, àwọn tó lo ẹ̀rọ yẹn ni àìsàn ọkàn pa jù. Èémí wọn gún régé lójú oorun, wọ́n sì ń kú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Bàbá padà wá. Jíjò ti wálẹ̀ pátápátá, wákàtí méjì ti di márùn-ún. Ara ọmọ wọn ti balẹ̀, nítorí Medicare, ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà tó ń sanwó ẹ̀rọ náà, ń fẹ́ kí èèyàn lo ẹ̀rọ fún wákàtí mẹ́rin ó kéré tán, nínú òru 70 nínú ọgọ́rùn-ún, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ léraléra nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àkókò sì ti ń lọ. Èémí tó ń dá ti di 9. Bàbá jókòó, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ó ti dáa díẹ̀. Àmọ́ mo ṣì sọ fún yín pé atẹ́gùn kò tó."

Mo bi wọ́n léèrè pé ìgbà wo ni kò tó. Ó yẹ kí n ti béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní, "Tí mo bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ni. Ó dà bíi pé mò ń mí gba inú ihò abẹ́rẹ́. Tó bá pẹ́, kò ṣe mí ní nǹkan kan mọ́."

Bàbá ò parọ́ látọjọ́ yìí. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ti ilé iṣẹ́ wá ni wọ́n ṣe gbé e fún wọn, láti 4 dé 20. Ní 4, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló máa ń rò pé àwọn ń rì. Lójú oorun, àtìsàlẹ̀ pátápátá yẹn ni ẹ̀rọ á ti máa sáré lé ọ̀fun tó ti dí. Kó tó débẹ̀, èémí ti dá. Òru wọn hàn kedere lójú kọ̀ǹpútà mi: nǹkan bíi 9 ni wọ́n sábà ń lò, wọn kì í sì í kọjá 12, àfi lásìkò àlá tó ń sún mọ́ ìdájí, nígbà tí ọ̀pọ̀ iṣan ara bá dẹ̀ pátápátá. Kí wá ni wọ́n ń wá lọ sí 4? Mo pe dókítà, ó fọwọ́ sí i, a gbé ìsàlẹ̀ láti 4 sí 8. Òkè tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún, a rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ láti 20 sí 14.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tó máa ń tan àwa gan-an jẹ. Ẹ̀rọ yìí ní ìdẹ̀rùn, tó ń mú agbára wálẹ̀ nígbà tí èèyàn bá ń mí síta, kó má dà bíi pé ó ń mí kọlu ìjì. Ti Bàbá wà ní 3. Nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì wà ní 4, ìdẹ̀rùn náà kò ríbi lọ, ẹ̀rọ kò lè sọ̀ kalẹ̀ kọjá 4. Ní báyìí tí ìsàlẹ̀ ti di 8, ẹni tó gbé 8 kalẹ̀ tó tún fi ìdẹ̀rùn 3 sí i, 5 ló gbé kalẹ̀ nígbà tí èémí bá ń jáde, àsìkò yẹn gan-an sì ni ọ̀fun àwọn mìíràn máa ń wó. Mo dín in kù sí 1. Bàbá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní òwúrọ̀ kẹta pé òun ò lè mí síta. Mo fi sí 2, a sì fi í síbẹ̀.

Mo yọ ìṣẹ́jú ogójì tí ẹ̀rọ fi ń rọra gbéra kúrò. Bàbá kì í lo ìṣẹ́jú márùn-ún kí oorun tó gbé wọn. Ta ni ẹ̀rọ ń gbéra díẹ̀díẹ̀ fún?

Lẹ́yìn ìyẹn, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ wọn ń wo iye ìgbà tí èémí dá lórí fóònù láràárọ̀, ó ń pè mí: òní 6, àná 2, ijẹta 7, kí ló ṣẹlẹ̀? Mo bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ijẹta. Ó ní wọ́n lọ síbi ìgbéyàwó, Bàbá sì mu bíà méjì. Ọtí a máa dẹ iṣan ọ̀fun. Ti òní ńkọ́? Bàbá kò rí oorun sùn dáadáa, wọ́n ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ̀rọ kò sì mọ ẹni tó lajú yàtọ̀ sí ẹni tó sùn. Bí ẹni tó lajú bá sé èémí kó lè gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta, á kà á sí àìsàn. Òru kan kò tó ká fi dájọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì pé, ó dúró lórí 3.6. Ohun tí mo gbọ́ tó dùn mọ́ mi jù ni pé Bàbá ti ń ka ìwé ìròyìn dé ojú ewé tó kẹ́yìn lọ́sàn-án láìtòògbé.

Ní oṣù kọkànlá, wọ́n lọ sílé. Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ yìí ní Nàìjíríà ní ìyọnu tí kò sí nínú ìwé kankan. Iná ìjọba kì í ṣe ìṣòro fún ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ń gba fóòtì 100 dé 240, ìdí púlọ́ọ̀gì nìkan la ó pààrọ̀. Àìsí iná ni wàhálà. Ike omi tó ń mú atẹ́gùn lọ́rinrin àti páìpù tó ń gbóná ló ń jẹ iná jù, nítorí náà tí wọ́n bá wà lórí ínfátà tàbí bátìrì, kí wọ́n pa méjèèjì, atẹ́gùn lásán á sì pẹ́ dé àárọ̀. Ṣùgbọ́n oṣù ọyẹ́ ni, imú á gbẹ, ẹni tí imú rẹ̀ bá sì dí á máa la ẹnu, atẹ́gùn á gba ẹnu jò. Mo ní kí wọ́n fi omi oníyọ̀ tí wọ́n ń kán sí imú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo tún kìlọ̀ pé tí wọ́n bá ń wá omi mímọ́ tí kò ní ìdọ̀tí kankan nínú fún ike ẹ̀rọ, kí wọ́n má ṣe lọ ra omi bátìrì lọ́wọ́ rewáyà. Omi tí wọ́n sè tó sì ti tutù sàn jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ike á ní ẹfun díẹ̀. Nínú ìkòkò kan náà ni àwọn kan ti ń ta omi bátìrì àti ásíìdì.

Ọjọ́ kẹta ọdún tuntun, fóònù mi dún. Láti Abẹ́òkúta ni. Mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ẹnìkan lẹ́yìn wọn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ọdún o. Ẹ̀rọ yìí tún ti ń sú fììì. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ mi nọ́ńbà tó máa fi kún un."

"Ẹ kú ọdún, Bàbá. Ọyẹ́ ńkọ́?"

"Ọyẹ́ ń pa wá. Gbogbo ètè mi ti là."

"Kí lẹ fi ń pa ojú?"

Wọ́n dákẹ́. Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn wọn, ìyàwó wọn, tó ń sọ pé òun sáà ti sọ fún wọn. Bàbá ní, "Ẹ dúró, mò ń bọ̀," mo sì gbọ́ tí wọ́n ń pe ẹnìkan pé kó bá wọn gbé ọṣẹ wá.